Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a ń kó lọ sí Maradi fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì

Ìyá Ìbejì Kúbwà
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé o. Kúbwà la wà, èmi àti bàbá àwọn ọmọ. Ìjọ wa ti gbọ́wọ́ lé wa lórí, Maradi ní ilẹ̀ Niger ni wọ́n ń rán wa lọ. Ọjọ́ 40 ló kù. Àwọn ìbejì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 7.

Gbogbo ẹni tí mo bá bi léèrè, "ẹ máa gbàdúrà" ni wọ́n ń wí. À ń gbàdúrà, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà kò tíì sọ fún mi bóyá kí n gbé ẹ̀rọ ìlọta dání tàbí kí n fún àbúrò mi. Ẹni tó bá ti gbé níbẹ̀ rí, tàbí níbikíbi lókè òkun nítorí iṣẹ́ Olúwa, ẹ dákun, kí ló máa ń yọ àlejò lẹ́nu jù? Ẹ má sọ ti orí pẹpẹ fún mi. Ti ilé ìdáná, ti ọjà, ti yàrá ni mo fẹ́ gbọ́.

Hausa tèmi kò kọjá ti ọjà Wuse: "nawa ne" (èló ni) àti "a rage mana" (ẹ dín in kù fún wa). Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé èyí tí òun gbọ́ ní Kaduna tó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lò.

Ọmọ Sábó
Ẹ bá mi sọ fún bàbá ìbejì kí wọ́n rọra o. Sábó Kano ni wọ́n bí mi sí. Hausa ni mo fi kọ́kọ́ bá ọmọ aládùúgbò jà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá jà. Síbẹ̀ ojú tì mí ní Maradi lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀.

Àlùbọ́sà ni mo fẹ́ rà. Ìyá tó ń tà á ní "dala ɗari". Lọ́kàn mi, ọgọ́rùn-ún dọ́là! Mo ní ṣé ó rí òmùgọ̀ lójú mi ni. Mo bínú kúrò níbẹ̀, ìyá ń pè mí, n ò wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo délé tí mò ń ráhùn ni ọmọ onílé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Séfà ni owó wọn ní Niger, séfà 5 ni wọ́n sì ń pè ní dala. Dala ɗari, séfà 500 ni. Jikka ni séfà 1,000. Bí wọ́n ṣe ń ka owó nìyẹn, látorí ata dórí ewúrẹ́. Ẹ máa fi bá àwọn ọmọ ṣeré nínú ilé kí ẹ tó lọ: iye dala tí wọ́n bá pè, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún.

Faransé sì ti wọ inú Hausa wọn bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ inú tiwa. Likita là ń pe dókítà níbí, lokotoro ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Fetur wa, esansi wọn. Kò le láti kọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ wá ń sọ pé Hausa Kano ló tọ̀nà, ẹ ti ba ara yín jẹ́ nìyẹn. Mo rí ọmọ Nàìjíríà kan tó máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ bàbá onílé rẹ̀ lẹ́nu. Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín. Kò bá a sọ̀rọ̀ gidi kan mọ́ títí ó fi kó kúrò.

Ìyá Àgbà Lúgbe
Ìyàwó wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ọdún 11 la lò ní Niger, Zinder la ti bẹ̀rẹ̀. N ó sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Oṣù kìíní tí ẹ bá débẹ̀ á dùn. Gbogbo nǹkan á máa jọ yín lójú, ẹ ó máa ya fọ́tò ràkúnmí ránṣẹ́ sílé. Ẹ dúró de oṣù kẹrin. Ní Kaduna, èmi ni mo ń kọ́ àwọn obìnrin ní Bíbélì, gbogbo ìjọ ló ń pè mí ní Màmá. Tí mo bá dìde, wọ́n á dákẹ́. Mo dé Zinder, mo di ẹni tí kò lè ra iyọ̀ àfi kó nàka sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún mi, ó sì ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, omi kò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Mo jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bàbá wọn ní, "Nítorí omi?" Mo bá a jà dalẹ́. Kì í ṣe omi. Ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni n kò rí mọ́, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lẹ́nu.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ ń tìtorí ọṣẹ tàbí ṣíbí bínú sí ọkọ yín, ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Kí ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ọ́ síra yín láti ìsinsìnyí pé ó ń bọ̀. Ó máa ń rọlẹ̀. Tèmi gbà tó oṣù mẹ́jọ.

Obìnrin tó wà lójúlé kejì ló gbà mí. Ní àárọ̀, òun àti àwọn ìyàwó ilé yòókù máa ń gún jéró. Mo lọ jókòó tì wọ́n. N kò wàásù, n kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Mò ń bá wọn gún un, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Hausa tí mo gbọ́ nídìí odó yẹn ju èyí tí olùkọ́ tí à ń sanwó fún fi kọ́ mi lọ.

Kíkí ńkọ́? Ẹ má sáré kí wọn o. Àwa Yorùbá rò pé a mọ ènìyàn kí, ẹ ó débẹ̀ ẹ ó rí i pé ọmọ iṣẹ́ ni wá. Ẹ béèrè oorun, ẹ béèrè ará ilé, ẹ béèrè àárẹ̀, iṣẹ́, ooru, kí ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sọ "salamu alaikum", kí wọ́n dáhùn, kí ẹ tó wọlé onílé. Bàbá ìbejì kò gbọdọ̀ wọ ilé tí ọkùnrin kò bá sí. Kí wọ́n má sì nawọ́ sí obìnrin láti bọ̀ ọ́, àfi tí obìnrin bá kọ́kọ́ na tirẹ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ẹ ti mọ̀ láti ilé.

Àti àdúrà òru. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a débẹ̀, a ṣe àìsùn, a pàtẹ́wọ́, a kígbe bí a ṣe ń ṣe é ní Kaduna. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá onílé wá bá ọkọ mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní ta ló kú.

Nínú oṣù kìíní 2015, tí wọ́n ń dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì ní Zinder àti Niamey nítorí àwòrán Ànábì Mùhámmádù tí ìwé ìròyìn kan tẹ̀ ní Paris, ilé obìnrin tí mò ń bá gún jéró yẹn ni àwọn ọmọ mi sùn. Mùsùlùmí ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé àpótí, ó jókòó síwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Èmi kò gbé Niger rí, àwọn tó ń lọ ni mò ń gún lábẹ́rẹ́. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ó kéré tán ó pé ọjọ́ 10 kí ẹ tó dé bọ́ọ̀dà, kí ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀ pọ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àrùn lọ́rùnlọ́rùn náà, torí àrùn yẹn máa ń jà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bó ṣe ń jà ní àríwá tiwa. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n rẹ sínú oògùn, ẹ má lọ láìmú un. Nínú oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ooru á kọjá 40, ẹ má dúró kí àwọn ọmọ sọ pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn kí ẹ tó fún wọn lómi.

Tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ bá wà tí ẹnikẹ́ni ń lò, ẹ gbé ti oṣù mẹ́ta dání pẹ̀lú ìwé dókítà. Kí dókítà kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí. Orúkọ ara páálí lè yàtọ̀ lọ́hùn-ún.

Akáwó Gwarinpa
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run kì í fẹ́ sọ ọ́.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó míṣọ́nnárì ní ìjọ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Séfà ní tirẹ̀, wọ́n so ó mọ́ yúrò: 655.957 sí yúrò kan, kì í mì. Ìjọ wa kò dín kọ́bọ̀ kù. Iye náírà tí a ṣèlérí ni à ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Àwọn tí a rán lọ kò rí ìdajì ohun tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀ rà mọ́. Ojú ń tì wọ́n láti sọ. Oṣù márùn-ún kọjá kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí béèrè, ó sì ń dùn mí di òní, torí èmi ni mo ń buwọ́ lu ìwé owó náà.

Kí ẹ tó kúrò ní Kúbwà, ẹ ní kí ìjọ kọ ìlérí wọn ní séfà. Tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yóò máa tún un wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ má tijú. Àwọn alàgbà tí ẹ ó bá sọ ọ́ ń yí iye ọjà tiwọn padà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta sì wà nílẹ̀ tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn.

Ẹ tún pe àwọn ẹbí jókòó, kí ẹ sọ fún wọn pé Niger kò ní òkun rárá. Tí wọ́n bá gbọ́ "òkè òkun", London ni wọ́n ń rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí a rán lọ, kò tíì tú ẹrù tán tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fi ní kó ra fóònù ránṣẹ́.

Ẹni Ń Wòye
Ṣé kò ní dáa kí ẹ kàn sọ ní bọ́ọ̀dà àti ládùúgbò pé ẹ̀ ń ta aṣọ? Ó máa rọrùn.

Ìyá Àgbà Lúgbe
Rárá o. Tí ẹ bá ń ta aṣọ lóòótọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù yín ṣí. Ṣùgbọ́n tí oṣù méjì bá kọjá tí aládùúgbò kò rí aṣọ kankan, òun fúnra rẹ̀ á wá iṣẹ́ tó rò pé ẹ̀ ń ṣe fún yín. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ Nàìjíríà ni wá, ẹ mọ iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àwa sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé Kristẹni ni wá, pé ìjọ ló rán wa. Wọ́n ní kò burú, ṣé a máa ń jẹ tuwo?

Ti ìwé ìgbélùú, àwọn tí ẹ ń lọ bá níbẹ̀ ni kí ẹ bá ṣe é. Kí ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín dé ẹ́ńbásì Niger níbí ní Àbújá. Niger ti jáde nínú ECOWAS láti oṣù kìíní 2025. Ẹni tó ń sọ fún yín pé gbígbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 90 láìgba físà kò ní wàhálà lè máa sọ ti àtijọ́.

Alámòójútó
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ ìjọ, àdúgbò tàbí òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ síbí. Mo ti pa méjì rẹ́. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́
Ọmọ mi, ẹrù ọjà ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Kano, Zaria, Kaduna àti Jos. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tajà kiri ni wọ́n ń kó ara wọn jọ ní Sábó, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, ó di ìjọ. Wọ́n gbé e dé Ghana pẹ̀lú. Bàbá mi wà ní Tamale nígbà yẹn.

Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù. Ọmọ onílẹ̀ tó bá yà wọ́n, kí ló máa gbọ́? Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bàbá wa di ẹrù. Ilé ìjọsìn kù, àga kù, kò sí ẹni tó máa jókòó. Bàbá mi pàdánù ilé kan àti ṣọ́ọ̀bù méjì níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀, wọn kì í dárúkọ ilé. Ìjọ yẹn ni wọ́n máa ń dárúkọ.

Ẹ ó rí Yorùbá ní Maradi. Ẹ ó gbọ́ "ẹ káàbọ̀" lọ́jà, ara yín á yá gágá. Ẹ lọ kí wọn, ẹ jẹ àmàlà wọn. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn lẹ ó fara pamọ́ sí láti ọjọ́ Ìsinmi dé ọjọ́ Ìsinmi. Ìjọ àwọn onílẹ̀ ni kí ẹ máa lọ. Kí ẹ jókòó sẹ́yìn. Kí pásítọ̀ tó lè jẹ́ àbúrò yín rán yín níṣẹ́ kí ẹ sì lọ. Àjàyí Crowther pàápàá, nígbà tí wọ́n dá ibùdó Onitsha sílẹ̀ ní 1857, J. C. Taylor tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Igbo ló fi síbẹ̀. Kò jókòó síbẹ̀ fi Yorùbá kọ́ wọn.

Ọmọ Míṣọ́nnárì
Àwọn àgbà ti sọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ tirẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, ọdún mẹ́fà ni: CI, CP, CE1, CE2, CM1, CM2. Wọ́n dá mi padà sí CI nítorí èdè. Mo ga ju gbogbo kíláàsì lọ, n ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ààyè láti jáde. Mo tọ̀ sára. Mọ́mì mi kò mọ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí àwọn ìbejì mọ gbólóhùn yẹn ní Faransé kí wọ́n tó mọ "bonjour". Institut Français wà ní Àbújá níbí fún ẹ̀yin àgbà, ọjọ́ 40 kò tó, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ fún yín nípa Sahel Academy tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Niamey ló wà. Maradi sí Niamey jìnnà ju Àbújá sí Kano lọ.

Nígbà tí ẹ bá fi máa lo oṣù mẹ́fà, wọ́n á ti máa gbọ́ Hausa jù yín lọ. Ẹ má sọ wọ́n di ògbufọ̀ níwájú ọlọ́pàá tàbí dókítà. Èmi ni mo túmọ̀ fún dádì mi lọ́jọ́ tí dókítà ń sọ ohun tó ń ṣe mọ́mì, ọmọ ọdún 10 ni mí. Tí ẹ bá sì ń kọ lẹ́tà àdúrà sílé, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fi fọ́tò wọn sí i.

Èyí tó kẹ́yìn: kí oníkálukú wọn mú nǹkan kan tí kò wúlò. Bọ́ọ̀lù tó ti já ni mo mú. Dádì ní kò sí ààyè nínú àpò. Mo dì í sínú aṣọ òtútù mi.

Ìyá Ìbejì Kúbwà
Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọkọ mi lálẹ́ àná. Nígbà tó kan "dala ɗari", wọ́n dákẹ́. Láàárọ̀ yìí mo bá wọn ní pálọ̀ tí wọ́n ń ta ṣíbí fún Táyé ní dala.

Ọmọ Míṣọ́nnárì, ẹ ṣé gan-an, ẹkún gbọ̀n mí. Mo bi Kẹ́hìndé nǹkan tó fẹ́ mú, ó ní ilẹ̀kùn yàrá wọn. A ṣì ń bá a sọ ọ́.

Ìbéèrè kan kù tí n ò lè bi ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 81, ara wọn kò le. Èmi ni àkọ́bí. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Àgbà Lúgbe
Ọmọ mi, n kò ní tàn ọ́. Ìyá mi kú nígbà tí a wà ní Zinder, wọ́n ti sin wọ́n kí n tó délé. N kò rò pé mo ti borí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ṣe tó dáa. Kí a tó lọ, mo jókòó tì wọ́n nínú yàrá, mo bi wọ́n ní tààrà. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Wọn kò sunkún rárá. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fi òun sí mọ́ṣúárì títí, kí wọ́n má sì jẹ gbèsè torí òkú òun. Wọ́n tún sọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi sin wọ́n. Bó ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́, torí mo ti sọ fún àwọn àbúrò mi. Lọ bá bàbá. Kí o mọ ẹni tó máa gbé wọn dé ọsibítù, ẹni tó máa sanwó, ẹni tó máa buwọ́ lùwé. Má fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tó kẹ́yìn tí ilé máa kún fún àlejò.

Akáwó Gwarinpa
Kí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú, kó sì tó ti ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe ti Katsina sí Maradi nìkan. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger nínú oṣù keje 2023, ECOWAS ti bọ́ọ̀dà. Oṣù kẹta 2024 ni ìjọba wa tó ní kí wọ́n ṣí tiwa. Ẹni tí òkú sùn fún láàárín ìgbà yẹn, bọ́ọ̀dà Jibiya tó wà nítòsí ní Katsina kò ṣeé gbà. Ọ̀nà Jibiya yẹn fúnra rẹ̀, ará Katsina ni kí ẹ bi, lọ́sẹ̀ tí ẹ ń lọ gan-an.

Ìyá Ìbejì Kúbwà
Mo ń lọ bá bàbá ní Saturday. Ẹ ṣé mà.

Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn lórí ẹ̀rọ ìlọta o. Màmá mi náà ti kó èlùbọ́ kóńgò 6 àti irú ráńpẹ́ wá.

Ìyá Àgbà Lúgbe
Fún àbúrò rẹ ní ẹ̀rọ. Irú wà níbẹ̀, dawadawa ni wọ́n ń pè é, ó dáa ju èyí tí à ń rà ní Àbújá lọ. Èlùbọ́ ni kí o kó.

Ọmọ Sábó
Ẹ kó o, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù Niger ní bọ́ọ̀dà Dan Issa tú tèmi. Mo fi Hausa ṣàlàyé, mo fọwọ́ ṣàlàyé, wọ́n ní kí n lá a. Mo lá a ní gbígbẹ. Ọ̀gá wọn wò mí títí, ó ní Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ.

Ìyá Ìbejì Kúbwà
Kóńgò 6!